Kan ilẹ̀kùn àwọn ará ọgbà kí o tó gba ológbò náà

Àbúrò mi, o ní àgùnbánirọ̀ ni ọ́, o ń gbé yàrá kan ní Kubwa, obìnrin kan tó fa abo ológbò kan yọ nínú gọ́tà fẹ́ gbé e fún ọ, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé yàrá rẹ kéré jù. Yàrá rẹ ò kéré. Oorun ni ológbò ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ sùn. Bó bá ti rí ibi gíga tó lè gùn, bí orí kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì rí abẹ́ ibùsùn sá sí, yàrá kan tó o. Ohun tó pa ológbò tèmi ò sí nínú yàrá mi rárá.

Lugbe ni mo ń gbé nígbà náà, nínú ọgbà tí yàrá mẹ́jọ ti kọjú sí ara wọn. Wọ́n gba ológbò kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó ń sọ ọ́ lókò, wọ́n sì fún mi. Mo pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Mo ra ẹja ṣáwá, mo wa iyanrìn sínú abọ́ ìyàgbẹ́ rẹ̀, mo rò pé mo ti ṣe tán. Mi ò bi ẹnikẹ́ni nínú ọgbà léèrè ohun tí wọ́n fi ń pa eku. Lọ́jọ́ kan ó gba ojú fèrèsé jáde. Nígbà tó padà lálẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Aládùúgbò mi ló da ọ̀tápíápíá sí ẹja gbígbẹ de eku tó ń ba gààrì rẹ̀ jẹ́. Kò mọ̀ pé mo ní ológbò, torí mi ò sọ fún un. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, kí obìnrin yẹn tó gbé ológbò náà wá, kan ilẹ̀kùn gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọn dáadáa, sọ pé o fẹ́ mú ológbò wọlé, kí o béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn eku, bóyá ẹnikẹ́ni ń sin ẹyẹlé tàbí òròmọdìyẹ, bóyá ajá wọn máa ń wà lórí ìso. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ológbò kejì, àwọn Hausa inú ọgbà ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Mage ni wọ́n ń pè é, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò sì ka ológbò sí ohun àìmọ́. Àwọn ará wa ló le díẹ̀. Màmá kan ní òun ò fẹ́ kí ológbò máa wo òun lóru, o mọ ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ nípa ológbò àti àjẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Mo ṣèlérí pé kò ní dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún ọ gbangba pé òun máa lù ú, gbà á gbọ́, má mú ológbò náà wá síbẹ̀. Gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú.

Fèrèsé ló kàn. Nínú ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin ní Àbújá, tí iná ò sí, o ò lè ti fèrèsé sùn, èékánná ológbò á sì fa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ya lọ́jọ́ kan. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ ni mo ní kí káfíńtà kàn mọ́ tèmi.

Nínú yàrá, ti gbogbo oògùn mọ́ inú àpótí. Ẹyọ parasítámọ́ọ̀lù kan lè pa ológbò. Oògùn eégbọn mìíràn tí wọ́n ń fi sára ajá náà lè pa á. Má sì fún un ní ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà.

Owó ẹja nìkan kọ́ ni kí o ṣírò. Ó nílò abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àti iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lóyún, torí abo lè gboyún láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, kó sì bímọ láàárín oṣù méjì.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù nípa tìrẹ ni pé ọdún kan péré ni ìsìnrú ìlú, ológbò sì lè lo ọdún 15. Pe màmá rẹ lórí fóònù nísinsìnyí, kó tó di ọjọ́ tí o máa kó ẹrù rẹ sínú bọ́ọ̀sì, kí o bi í bóyá ó máa gbà kí o mú ológbò náà wá sílé. Bí kò bá gbà, tí o ò sì mọ ibi tí iṣẹ́ máa gbé ọ lọ, sọ fún obìnrin náà pé wàá bá a tọ́jú rẹ̀ títí tí yóò fi rí ilé tó dúró. Ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn, ó sì sàn ju pé kí wọ́n tún kọ ológbò náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bi obìnrin náà pẹ̀lú ohun tó ń dẹ́rù ba ológbò náà. Rótìmí, ológbò mi kejì, kò jáde lábẹ́ ibùsùn fún ọjọ́ márùn-ún, òru ló ń jẹun. Bí mo bá gbé ìgbálẹ̀ sókè, á sá. Mo wá ń gbálẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun ní bálùwẹ̀.

Ní kí obìnrin náà wá jókòó sí yàrá rẹ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ọgbà bá ń dún, kó gbọ́ ariwo tí ológbò náà máa gbọ́. Tí o bá ti kan ilẹ̀kùn wọn tán, sọ ohun tí wọ́n wí fún mi.