Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Orlando Martins, Ọmọ Èkó Tó Ṣe Blossom

Lóṣù tó kọjá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a fi dárúkọ Orlando Martins lójú ewé yìí, òṣèré ọmọ bíbí Èkó tó ṣe eré orí ìtàgé àti sinimá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ogójì ọdún, tí a sì yìn ín bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn rí. A rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀, àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn kan fẹ́ mọ ìran rẹ̀, ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ ejò, ẹlòmíràn sì bá wa wí gidigidi. Nítorí náà, òun nìkan ni a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lóṣù yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ẹ pe Orlando Martins ní ọmọ Èkó, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò dún bí orúkọ Yorùbá létí mi. Ṣé kì í ṣe ará Brazil kan tó kàn gba Èkó kọjá ni? Báwo ló sì ṣe dé Lọ́ńdọ́nù? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹni tó bá ti jẹ frejon, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, nílé ọ̀rẹ́ ní Pópó Àgùdà l'Ékòó lọ́jọ́ Ẹtì Rere rí kò ní fura sí orúkọ Martins. Àdúgbò Òkè-Súnnà ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899. Ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì wá ilé wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀sìn Kátólíìkì, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tó gbóúnjẹ fẹ́gbẹ́ gba àwo bọ̀ ni wọ́n kó dé, pẹ̀lú orúkọ Potogí bíi Martins, Soares, Da Silva àti Pereira. Èkó kún fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ títí dòní, àwọn tó ń jẹ́ ẹ sì ń sọ Yorùbá Èkó ju ọ̀pọ̀ wa lọ.

Ọdún 1913 tí wọ́n dá Eko Boys' High School sílẹ̀ ni Martins wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ṣe akọ̀wé díẹ̀ ní iléeṣẹ́ àwọn ará Faransé kan. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ó gba iṣẹ́ ojú omi, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó ń da èédú síná nísàlẹ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń jẹ́ Mauretania. Iṣẹ́ náà kò dára: ooru ni lókè, ooru ni nísàlẹ̀, ẹni tó ń ṣe é kì í sì í rí òkun tó ń gbà kọjá. Lẹ́yìn tí ogun parí, ló fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ́nù lọ́dún 1919.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi àgbà máa ń sọ pé ọkùnrin yìí jẹ oníjàkadì, ó sì máa ń gbé ejò kọ́rùn. Ṣé òótọ́ ni, àbí àgbà ń fi wá ṣeré ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí bàbá àgbà o, òótọ́ ni wọ́n sọ. Kí ọwọ́ Martins tó tẹ iṣẹ́ eré gidi, ó ṣe aláàárù ní Billingsgate, ọjà ẹja Lọ́ńdọ́nù tó máa ń ná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ṣe ọdẹ alẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná. Ó sì bá circus Lord John Sanger, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń fi ẹranko àti idán ṣeré, kiri, níbi tó ti ń fi ejò dá àwọn èrò ìwòran lára yá. Nínú ìjàkadì, Black Butcher Johnson ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé Johnson Alápatà Dúdú. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yìí mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Láàárín gbogbo èyí ló ń yọjú sórí ìtàgé. Ní nǹkan bí ọdún 1920 ó wà lára àwọn tó ń kún ojú ìtàgé fún ẹgbẹ́ oníjó ará Rọ́ṣíà tí Diaghilev ń darí. Nígbà tó yá, ó bá àwọn tó ń gbé eré olórin Show Boat kiri kọrin. Ọdún 1926 ló kọ́kọ́ yọ nínú sinimá, ìgbà náà sì ni sinimá kò tíì ní ohùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èrò tèmi kún un. Àwọn kan máa ń ka iṣẹ́ ejò àti ìjàkadì sí ìyà tó jẹ ẹ́ kó tó dé ibi ire. Èmi kà á sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Oníjàkadì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá mọ̀ pé ó ń bínú, pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, pé ó fẹ́ ṣe màgòmágó, láìla ẹnu. Ẹni tó bá ti fi ara sọ̀rọ̀ fún èrò ìta gbangba bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tí ó tún ga, tí ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ bíi gbẹ̀du, kò ní pọn dandan kí olùdarí eré fún un ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó di ẹni tí ojú ń wò.

ÌBÉÈRÈ: Èmi kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ fún ọdún pípẹ́. A máa ń kọ́ wọn nípa olú ẹ̀dá-ìtàn, a ó sì gbójú fo àwọn yòókù. Ẹ sọ pé ọkùnrin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn rí. Kí ló wá mú un yàtọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ kan hàn wá ní pàtó. — Olùkọ́ afẹ̀yìntì kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí a mú Blossom.

The Hasty Heart ni wọ́n ń pe eré náà. Ọdún 1945 ni Martins kọ́kọ́ ṣe Blossom lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ́nù, òun náà ni wọ́n sì pè nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di sinimá lọ́dún 1949. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ní Burma ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ bàbá wa ti jagun fún Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Sójà kan wà níbẹ̀, Lachie, ọmọ Scotland, agbéraga tí kì í gba oore lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kídìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, ọjọ́ tó kù fún un láyé kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀. Dókítà wá sọ fún àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù kan náà pé kí wọ́n fà á mọ́ra. Wọ́n gbìyànjú, ó ń ṣe kọ́ńkọ́, títí ọkàn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n sọ òtítọ́ fún un. Inú bí i burúkú: ó ní àánú lásán ni gbogbo wọn ń ṣe fún òun, kì í ṣe ìfẹ́, ó sì ta gbogbo wọn nù.

Blossom wà láàárín wọn. Ọmọ Basuto, ẹ̀yà kan ní gúúsù Áfíríkà, ni, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ yìí nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan. Ó gbé e wá fún Lachie nígbà tí ìbínú rẹ̀ ṣì gbóná, Lachie sì jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Lachie pé Blossom kò gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ti ń sọ láti àárọ̀. Blossom kò mọ̀ pé Lachie ń kú lọ. Kò sí àánú kankan nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni agídí Lachie ti wó.

Tíṣà, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́ ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Bí èrò ìwòran kò bá gbà pé Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ìlẹ̀kẹ̀ náà di ìlẹ̀kẹ̀ lásán, eré sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣe é yìí ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ́nù, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Kò rọrùn kí ènìyàn jókòó sí àárín ọ̀rọ̀ tó yé e yékéyéké, kí ojú rẹ̀ má sì fi hàn pé ó yé e. Kí ó má rẹ́rìn-ín níbi ẹ̀rín, kí ó má bojú jẹ́ níbi ìbànújẹ́, síbẹ̀ kí ó má dà bí òmùgọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́n. Ojú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ló ń kà, ó ń wá ohun tí inú wọn ń sọ.

Richard Todd tó ṣe Lachie ni wọ́n yàn mọ́ àwọn tó ń dù fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Ronald Reagan tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wo sinimá náà báyìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi gbójú kúrò lára Reagan díẹ̀, kí ẹ máa wo ibùsùn tí Blossom wà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá Olóòtú, ẹ má bínú sí mi. Èmi ti wo àwọn sinimá tí ẹ ń kan sáárá sí yìí, ojú sì ń tì mí. Olóyè tó ń forí balẹ̀ fún òyìnbó, oníṣègùn burúkú, ìránṣẹ́: gbogbo ohun tó ṣe náà nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ fi ń yìn ín? — Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ́nù

ÌDÁHÙN: A kò bínú. Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kò sí ohun tí mo lè sọ láti gbèjà sinimá Sanders of the River ti ọdún 1935, tí Martins kó ipa kékeré nínú rẹ̀. Paul Robeson pàápàá, olórin àti òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ gbajúmọ̀ inú eré náà, padà bínú sí i nígbà tó rí i pé wọ́n ti sọ ọ́ di oríkì ìjọba amúnisìn. Jomo Kenyatta tó di ààrẹ Kenya lẹ́yìn náà wà lára àwọn tó dà gììrì kọjá nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ Áfíríkà lè rí lágbo eré ní Lọ́ńdọ́nù ìgbà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olóyè inú sinimá láti ìparí àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ńkọ́? Owó ilé ni wọ́n fi san, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan méjì wéra. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, wọ́n ṣe eré kan nípa Toussaint Louverture, aṣáájú àwọn ẹrú tó jà fún òmìnira ní Haiti, ní Lọ́ńdọ́nù. C. L. R. James ọmọ Trinidad ló kọ ọ́, Robeson ló ṣe Toussaint, Martins sì ṣe Boukman, olórí ẹ̀sìn Vodou tó pe àwọn ẹrú jọ lóru lọ́dún 1791, kí iná ìjà òmìnira Haiti tó ràn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, nínú sinimá Men of Two Worlds, ó ṣe Magole, oníṣègùn abúlé kan ní Tanganyika (Tanzania òde òní) tí kò gbà kí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò níbi tí àìsàn oorun ti ń pa wọ́n. Oríṣi ènìyàn kan náà ni àwọn méjèèjì, babaláwo ìlú ni à bá pè wọ́n nílé. Nínú eré tí aláwọ̀ dúdú kọ, òun ló ṣáájú ogun òmìnira. Nínú èyí tí òyìnbó ṣe, òun ni ọ̀tá ìlọsíwájú. Òǹkọ̀wé ló yí i padà, kì í ṣe òṣèré.

Síbẹ̀, ẹ tún wo Magole dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kisenga, ọ̀mọ̀wé olórin tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Lọ́ńdọ́nù. Bí Magole bá jẹ́ ẹni ẹ̀rín, kò sí ẹni tí yóò gbà pé ọ̀mọ̀wé lè ṣubú lulẹ̀ àìsàn nítorí rẹ̀. Àwọn tó kọ eré fẹ́ kí a kórìíra rẹ̀, Martins kò sì jẹ́ kí a lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ ó ṣeré nílé rí? — Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ó ṣe é. Ó padà sí Èkó lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985. Nígbà tí iléeṣẹ́ Francis Oladele sọ Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká di sinimá lọ́dún 1970, Martins wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ìtàn Okonkwo, èyí tí Chinua Achebe kọ, wọ́n sì fi ṣe sinimá níhìn-ín nílé. Martins ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Obierika ni wọ́n fún un ṣe, ọ̀rẹ́ Okonkwo, ẹni tó máa ń ro ọ̀rọ̀ wò nígbà tí Okonkwo bá ń fi ipá ṣe é. Ọ̀rẹ́ ẹlòmíràn náà ni, bíi ti Blossom, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.