Ṣé wáyà sípíkà tó sùn nínú fìríìsà máa ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí n'Íkẹ̀rẹ́-Èkìtì ló ní kí n ká wáyà sípíkà mi sínú fìríìsà fún ọjọ́ mẹ́ta, pé tí mo bá yọ ọ́, orin á dún kedere. Ìyàwó mi ti ń bínú pé mo kó wáyà lé ẹja òun lórí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kó o kúrò lórí ẹja ná. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀ ṣá, torí bàbà tó bá tutù máa ń jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, àmọ́ ìgbà tó ṣì tutù nìkan nìyẹn, tó bá ti gbé wákàtí kan nínú pálọ̀ yín ó ti padà sí bó ṣe wà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí wáyà ṣe nípọn tó àti bó ṣe gùn tó. Wáyà 2.5 (nọ́ńbà yìí ń sọ bó ṣe nípọn tó) tí àwọn oníwáyà fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó bá gùn ní mítà 5, gbogbo ìdènà rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ ò ju bíi 0.07 ohm lọ (ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà iná), ti sípíkà yín sì lè jẹ́ 8 ohm, etí wo ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Wáyà tín-ín-rín 0.5 ló máa ń fa wàhálà díẹ̀, ìdènà ìyẹn á tó 0.35 ohm.

Ó ṣeé ṣe kí ti ọ̀rẹ́ yín yàtọ̀ lóòótọ́ o, torí nígbà tó tú u tó tún un dè, ó ti ha ìpáàrà ẹnu wáyà kúrò láìmọ̀, àbí ó ti tún wáyà pupa àti dúdú tó gbé gba ara wọn lẹ́yìn sípíkà kan tẹ́lẹ̀ tò, torí kí wọ́n gba ara wọn bẹ́ẹ̀ máa ń pa béèsì gan-an. Ẹ ní kí ìyàwó yín máa pààrọ̀ wáyà méjèèjì láì sọ fún yín, kí ẹ wá sọ èyí tó ti fìríìsà wá, tó bá ti dárí jì yín.