Ṣé Ọlọ́run sún mọ́ orí òkè ju ilé lọ ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi máa ń lọ sórí òkè àdúrà n'Íbàdàn níbí, wọ́n á sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní kò yàtọ̀ sí bíbọ Òkè'Bàdàn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Ọlọ́run kò sún mọ́ orí òkè ju yàrá yín lọ. Obìnrin ará Samáríà bi Jésù nírú ìbéèrè yìí nínú Jòhánù orí 4: ṣé orí òkè wọn ni ká ti máa sin Ọlọ́run ni, àbí Jerúsálẹ́mù? Jésù ní àkókò ń bọ̀ tí kò ní jẹ́ ibì kankan nínú méjèèjì; ní ẹ̀mí àti ní òtítọ́ ni. Síbẹ̀, Jésù yìí kan náà gun òkè, ó fi gbogbo òru gbàdúrà kó tó yan àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Àyè ló ń wá. Àyè náà ni màmá rẹ ń wá lọ.

O ṣáà mọ agboolé n'Íbàdàn. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ọmọ ń sunkún, àlejò ń kanlẹ̀kùn. Ta ló fẹ́ ráyè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Téèyàn bá dórí òkè, á bọ́ bàtà, á tẹ́ ẹní sórí àpáta, á gbé ike omi àti Bíbélì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ ni ṣáá: orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ilé, àìsàn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àdúrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì á bú sẹ́kún láìmọ ìdí. Ẹlòmíì á rántí ẹni tó ti ń bá yodì tipẹ́, ọkàn rẹ̀ á sì rọ̀. Nígbà tí wòlíì Èlíjà wà lórí òkè Hórébù, ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná jó, Ọlọ́run kò sí nínú wọn; lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́ kékeré. Nítorí náà, bí màmá rẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ní àwọn kò rí ìran kankan, má rò pé òfo ni wọ́n lọ mú bọ̀.

Àbúrò bàbá rẹ kò ṣàdédé sọ̀rọ̀ o. Àwọn baba wa gbà pé Òkè'Bàdàn ló dáàbò bo ìlú nígbà ogun, wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀ títí dòní. Òkè fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ké pè. Ẹlẹ́dàá òkè làwọn aládùúrà ń ké pè ní tiwọn, ibẹ̀ ló ti yàtọ̀. Àdúrà wọn kò sì ṣàjèjì sí Ìbàdàn: Ọba Isaac Babalola Akinyele, tó jẹ Olúbàdàn láti 1955 sí 1964, aládùúrà paraku ni, ó sì wà lára àwọn aṣáájú àkọ́kọ́ ìjọ CAC (Christ Apostolic Church).

Ọ̀pọ̀ aládùúrà ìgbà yẹn kì í lo oògùn rárá. Èmi kò ní sọ pé kí màmá rẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó gbààwẹ̀. Bí wòlíì kan níbẹ̀ bá sì dá owó lé wọn kó tó bá wọn gbàdúrà, kí wọ́n ká ẹní wọn, kí wọ́n máa bọ̀ nílé.