Ẹ Kọ́kọ́ Wọn Omi Tí Ẹ Fi Ń Fọ Hóró Pọ́límà Yín

Ẹ ní hóró pọ́límà tí ń gbé oògùn, tí ẹ fi dextran oní-acetal (ẹ̀wọ̀n ṣúgà tí a so ìdè acetal mọ́, ìdè tí ásíìdì ń já) ṣe, máa ń tú oògùn dànù kí ó tó dé inú sẹ́ẹ̀lì, àti pé ẹ ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta láìrí ìyàtọ̀. Oṣù mẹ́rin ni ìyọnu yìí gbà lọ́wọ́ mi, n kò sì fẹ́ kí ó gba tiyín bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó dá pọ́límà lẹ́bi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn pH (òṣùwọ̀n ásíìdì: bí ó bá ti kéré sí 7, ásíìdì wà níbẹ̀) omi tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́. Èmi ti gbà lọ́kàn mi pé omi tí a sẹ̀ mọ́ tónítóní kò lè ní ásíìdì kankan nínú, àfi ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n tí mo bá 5.6. Carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ni ó ń wọ inú omi tí a bá ṣí sílẹ̀, tí ó sì ń mú un kan díẹ̀, bẹ́ẹ̀ 5.6 yìí kò jìnnà sí bí inú endosome (àpò kékeré tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé nǹkan wọlé) ṣe rí, ibẹ̀ gan-an sì ni a fẹ́ kí acetal ti já. Mo máa ń fi hóró náà sílẹ̀ nínú omi mọ́jú. Omi tí ó funfun bí wàrà ní alẹ́ á ti tòrò ní òwúrọ̀, èmi á sì rò pé hóró náà ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ni, láìmọ̀ pé wọ́n ti yọ́. Triethylamine (kẹ́míkà tí ń pa agbára ásíìdì) díẹ̀ tí mo ń kán sínú omi náà títí pH rẹ̀ fi dé 8, àti pé n kì í jẹ́ kí hóró náà sùn nínú omi mọ́ kí n tó mú un dì kí n sì gbẹ ẹ́, ni ó dá ìjò náà dúró.

Bí èyí bá ti tọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwòrán máíkíróskóòpù. Ìmọ́lẹ̀ fluorescein, aró tí ń tàn, máa ń ṣú nínú ásíìdì, nítorí náà bí ó bá pòórá nínú lysosome (àpò tí sẹ́ẹ̀lì ti ń da nǹkan), níbi tí pH ti lè lọ sílẹ̀ dé 4.5, kò túmọ̀ sí pé oògùn ti jáde. Àwòrán bẹ́ẹ̀ tàn mí jẹ gan-an. Ẹ fi aró mìíràn tí ásíìdì kì í yí padà kún un, kí ẹ sì fi bafilomycin A1, oògùn tí ó ń dí ẹ̀rọ tí ń fa proton (ohun tí ń sọ ibẹ̀ di ásíìdì) wọ inú endosome, sínú àwo sẹ́ẹ̀lì kan. Bí oògùn bá ṣì ń tú bákan náà níbẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ásíìdì ni ó ń ṣí hóró yín.