Ẹ Má Tíì Ta Kámẹ́rà Tó Wà Lọ́wọ́ Yín

Ẹ ní kámẹ́rà yín ti pé ọdún mẹ́fà, megapixel 24 (ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di fọ́tò), pé lẹ́ńsì 16-50 tó bá a wá náà, èyí tó ń fa àwòrán súnmọ́ láti mìlímítà 16 dé 50, lẹ ṣì ń lò. Ẹ ní àwọn ọmọ tí ẹ ń yà nínú ilé lálẹ́ máa ń rí bàìbàì, ìdí nìyẹn tí ojú yín fi wọ onímegapixel 40 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde yìí. Ṣé kí ẹ ta ti ọwọ́ yín kí ẹ fi owó lé e?

Èmi ti jìn sí kòtò yẹn rí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jìn tó.

Irú tiyín yẹn ni mo tà. Ọjọ́ tí tuntun dé, mo gbé lẹ́ńsì 16-50 àtijọ́ sórí rẹ̀, oorun ò kùn mí. Mo tan iná pálọ̀, mo ní kí ọmọ mi máa sáré bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo sì yà á tó ìgbà ogún. Nígbà tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí mo fẹ̀ ẹ́ tóbi, ojú ọmọ náà dà bí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ tí ẹnì kan fi ìka pa. Bàìbàì àná náà ni. Megapixel 40 wulẹ̀ jẹ́ kí n rí bàìbàì ọ̀hún kedere ni.

Nọ́ńbà tí kámẹ́rà kọ mọ́ fọ́tò náà ló tú àṣírí: 1/30, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ṣí gba ìmọ́lẹ̀, àti f/5.6, ìyẹn bí ihò lẹ́ńsì ṣe là tó (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń là tó). Ọmọ wo ló ń sáré tí yóò dúró de ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá? Lẹ́ńsì àtijọ́ yẹn kò sì lè là ju f/5.6 lọ bí mo bá ti fà á dé 50. Kí ni kámẹ́rà fẹ́ ṣe sí i?

Lẹ́yìn náà ni mo wá ra lẹ́ńsì kékeré kan, 35 mm, tó ń là dé f/2. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Pálọ̀ kan náà, iná kan náà, mi ò fọwọ́ kan ISO (ètò tó ń mú kí fọ́tò tàn sí i), 1/30 di 1/250. Mo lè ka irun ìpéǹpéjú ọmọ náà. Ẹni tó ra kámẹ́rà lọ́wọ́ mi ní kí n gbé lẹ́ńsì ọ̀hún sórí tiẹ̀ wò. A tẹ́ fọ́tò méjèèjì sílẹ̀, èmi tí mo yà wọ́n ò mọ èwo ni èwo. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ sì má jẹ́ kí 40 yẹn dẹ́rù bà yín: fífẹ̀ fọ́tò kàn kúrò ní píkísẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké yẹn) 6000 bọ́ sí 7728 ni. Ìnira rẹ̀ ló pọ̀. Fáìlì RAW kan (fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe gbà á gan-an, tí wọn ò tíì tún ṣe) tí wọn ò fún pọ̀ tó 80 MB, káàdì 64 GB mi kò gbà tó 800 mọ́, kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá, ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe kò tilẹ̀ dá RAW kámẹ́rà tuntun mọ̀.

Ohun kan wà tó tóó náwó sí nínú àwọn tuntun: wọ́n ń dá ojú èèyàn mọ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń rìn. Nítorí náà, ẹ ṣí ọgọ́rùn-ún fọ́tò tí ẹ kórìíra jù, kí ẹ wo nọ́ńbà wọn. Tó bá jẹ́ 1/30 tàbí 1/60 ló kún ibẹ̀, lẹ́ńsì ni kí ẹ rà. Tó bá jẹ́ 1/250 ni, tí kọ́tìnì ẹ̀yìn mọ́ kedere tí ojú ọmọ ò mọ́, kámẹ́rà yín ló ń ṣìnà, tuntun á sì wúlò fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yá a lò fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì fi ya fọ́tò lálẹ́ nínú ilé, kì í ṣe nínú oòrùn ọ̀sán bíi ti àwọn tó ń polówó rẹ̀.