Sàláàdì Makaróònì Tí Kò Ní Gbẹ, Tí Kò Sì Ní Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, mo gbé sàláàdì makaróònì tí mo ti pò pọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a wọkọ̀ ojú omi ní CMS lọ sí etíkun Tarkwa Bay. Nígbà tí a fi máa ṣí i, òkè rẹ̀ ti gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kan. Ṣé mayonéèsì ló bà á jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má dá mayonéèsì lẹ́bi. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ní fínígà nínú, kíkan rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí tètè gbilẹ̀. Makaróònì fúnra rẹ̀, adìẹ àti ẹyin sísè ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́, pàápàá bí ẹ bá dà wọ́n ní gbígbóná sínú abọ́ tó jìn, tí ẹ sì dé e pa. Kòkòrò kan wà tí ó ń jẹ́ Bacillus cereus, tí omi híhó kì í pa tán. Bí oúnjẹ bá wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó lè tu oró sínú rẹ̀, oró tí títún un gbé kaná kò lè mú kúrò.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti sẹ́ makaróònì, ẹ fi omi tútù ṣàn án títí yóò fi tutù dénú, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó tó wọ fíríìjì. Ẹ jẹ́ kó fi bí ìṣẹ́jú 1 pẹ́ lórí iná ju iye tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀ lọ, torí òtútù máa ń mú un le. Èmi máa ń yọ ẹyọ kan, màá rì í sínú omi yìnyín, màá sì gé e jẹ: bí ojú funfun bá ṣì wà láàárín rẹ̀, kò tíì jinná tó.

Ní ti gbígbẹ, mọ́jú ni makaróònì fi ń fa omi mu. Ní alẹ́, òróró, fínígà, iyọ̀, kárọ́ọ̀tì àti tàtàṣé nìkan ni kí ẹ pò mọ́ ọn. Kí mayonéèsì di àárọ̀. Kùkúńbà àti tòmátì náà di àárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ha inú wọn kúrò, nítorí omi wọn pọ̀.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ ti jẹ́ kí omi inú ọ̀rá dì bíi mélòó kan. Ẹ tò wọ́n sí ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti òkè kúlà. Bí wọ́n bá yọ́, inú ọ̀rá ni omi náà wà, ẹ ó sì rí i mu. Láìsí yìnyín, oúnjẹ yìí kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta, wákàtí 1 péré bí ooru bá ti kọjá 32 Celsius, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Èkó sì wà nínú rẹ̀.

Bí iná bá lọ lóru, fíríìjì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí 4. Bí ó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí inú rẹ̀ kò tutù mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wulẹ̀ tọ́ ọ wò, ẹ dà á nù.