Kí ni lọ́yà tó padà sí Ìkẹ́rẹ́ máa kọ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan ní Ìlú Ọba ni mo ti gba oyè LL.M., ìyẹn oyè kejì nínú òfin, mo sì padà wálé ní 2022. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ogún ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kí n fi ìròyìn ara mi sínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Tí mo bá wá ka ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí ọ̀kan wà ní Geneva, tí òmíràn wà ní Hague, ojú a máa tì mí. Wọ́n tún ń tọrọ owó. Ṣé kí n dá wọn lóhùn ni, àbí kí n jáwọ́? Tí mo bá sì fẹ́ dá wọn lóhùn, kí ni kí n kọ? (Lọ́yà ọ̀dọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èyí sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an rí.

Nígbà tí mo dé láti òkè òkun, ọdún mẹ́ta gbáko ni mi ò fi kọ ohunkóhun sí ilé-ẹ̀kọ́ mi. Mo ní, kí ni ẹni tó ń sáré láàárín kóòtù Adó àti kóòtù Ìjerò fẹ́ sọ fún àwọn tó ń bá àjọ àgbáyé ṣiṣẹ́? Ìyá kan ló là mí lójú. (Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀.) Ó wọ ọ́fíìsì mi tòun ti ọ̀rá dúdú kan. Ìwé ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ikú wà nínú rẹ̀, àpòòwé láti báńkì kan ní London náà sì wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì já rárá. Ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá kú sílé, owó rẹ̀ sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún ìyá yìí pé àfi kó wọ bàálù, kó lọ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ kan tá a jọ jókòó ní kíláàsì, tó ti di lọ́yà ogún lọ́hùn-ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dáhùn. Ìwé àṣẹ tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga wa bá fún ẹbí láti ṣàkóso ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi èdìdì tiwọn lù ú, kó sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹni pé àwọn gan-an ló kọ ọ́. Òfin wọn kan tó ń jẹ́ Colonial Probates Act, ti 1892, ló ṣí ọ̀nà náà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kàn. Èmi náà lè ka ìyẹn nínú ìwé. Ohun tí ìwé kò sọ fún mi ni èyí tí ọ̀rẹ́ mi fi kún un: kí n má fi fọ́tókọ́pì ránṣẹ́ o, ẹ̀dà tí kóòtù fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí, tí èdìdì wà lára rẹ̀, ni wọ́n ń gbà, kí n sì tètè yanjú ọ̀rọ̀ owó orí ogún tiwọn kí n tó kọ̀wé rárá. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ ló lè sọ irú rẹ̀ fún èèyàn.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kó o fi ọkàn sí nìyí. Kò pẹ́ sí i, ọ̀rẹ́ mi yìí kan náà kọ̀wé sí mi. Oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba. Bàbá rẹ̀ kú láìkọ ìwé ìhágún, ó ní ju ìyàwó kan lọ, ilé rẹ̀ sì wà nílé níbí. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in? Ìwọ tí ò ń ṣe ẹjọ́ ogún ní Ìkẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kó o ti dáhùn nínú ọkàn rẹ: ṣé ìdí-igi ni, kí a pín in ní iye ìyàwó tó bímọ, àbí orí-ò-jorí, kí a pín in ní iye ọmọ? O mọ ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé iwájú Privy Council ní London ní 1962, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fún wa nígbà náà. Ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Tí a bá fi ìdí-igi pín in, ọ̀nà mẹ́rin. Tí a bá fi orí-ò-jorí pín in, ọ̀nà mẹ́sàn-án. Ilé-ẹjọ́ ní ìdí-igi ni àṣà, pé orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè yàn tí ìjà bá fẹ́ dé. Nǹkan tá a ń sọ lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ àárọ̀, odidi ọ́fíìsì lọ́yà ní London ló jókòó tì í, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa mú.

Nítorí náà, ohun tí ojú fi ń tì ọ́ yẹn gan-an ni ìròyìn. Kọ ọ́ ní ṣókí. Tó bá jẹ́ èmi, ohun tí n ó kọ nìyí: «Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà láti 2022, ẹjọ́ ilẹ̀ àti ogún ni iṣẹ́ mi. Tí oníbàárà yín bá ní dúkìá tàbí ẹbí ní Èkìtì, tí ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí àṣà wa àti òfin Nàìjíríà sọ, ẹ kọ̀wé sí mi. Èmi náà ń wá ẹni tó mọ òfin ogún ilẹ̀ Jámánì.» Fi orílẹ̀-èdè tó bá kan iṣẹ́ tìrẹ síbẹ̀. Má fi ìlà tó kẹ́yìn yẹn sílẹ̀, torí pé ní kóòtù tiwa náà, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fẹ́ kí onímọ̀ wá jẹ́rìí nípa òfin ilẹ̀ òkèèrè. Ibo lo ti fẹ́ rí onímọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe nínú sẹ́ẹ̀tì yín?

Ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Má dárúkọ oníbàárà, má sọ ìtàn tí ará àdúgbò rẹ̀ lè fi dá a mọ̀, má sì fọ́nnu nípa ẹjọ́ tí o ti borí. Ìlànà iṣẹ́ wa kò gbà á. Èkejì, má pe ara rẹ ní lọ́yà Ìlú Ọba. LL.M. kò fún ọ láyè láti máa ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Láti 2021, ìdánwò SQE ni ẹni tó bá fẹ́ di solicitor, irú lọ́yà kan níbẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Kọ «agbẹjọ́rò, Nàìjíríà», kó o sì fi yangàn. Ìlú tó bí Wole Olanipekun, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà láti 2002 sí 2004, kì í ṣe ìlú tí lọ́yà ń fi pamọ́.

Ní ti owó, kì í ṣe gbèsè. Tí kò bá sí, sọ fún wọn pé wàá fi àkókò rẹ ṣe é: kí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ fún ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé. Ọmọ náà máa fẹ́ mọ iye aṣọ òtútù tó yẹ kó rà, ibi tí wọ́n ti ń rí èlùbọ́ rà, àti bóyá ó lè fi ìyàwó sílẹ̀ fún ọdún kan. Kò sí ọ̀gá tó máa fún un ní èsì ìyẹn.

Tó bá sì ń ṣe ọ́ bíi pé ọ̀nà jìn, rántí Bàbá Afe Babalola, àgbà agbẹjọ́rò. Láti ilé níbí ló ti ń ka ìwé University of London, láìjókòó sí kíláàsì wọn. Ó gba oyè ètò ọrọ̀-ajé ní 1959, ó gba ti òfin ní 1963, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Lincoln's Inn, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní London, lọ́dún yẹn. Ní 2009, ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó, wọ́n sì ń kọ́ òfin níbẹ̀.

Ó ku ohun kékeré kan. Wo àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n ń kọ sí. Tó bá jẹ́ èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ nígbà tí o wà níbẹ̀, wọ́n lè tì í pa lọ́jọ́ tí o ò rò. Fún wọn ní tìrẹ. Bi wọ́n léèrè nínú lẹ́tà kan náà bóyá akẹ́kọ̀ọ́jáde ṣì lè wọ ilé-ìkàwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ ọ́ lálẹ́ òní, kó o fi ránṣẹ́ kó o tó lọ sí kóòtù lọ́la.